Bí a ṣe ń ka àdírẹ́ẹ̀sì í-meèlì, àti bí a ṣe ń wá ojúlówó rẹ̀

Kí ẹ tó fèsì lẹ́tà tó ní iléeṣẹ́ kan lòun ti wá, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Orúkọ tó hàn gàdàgbà lókè lẹ́tà ò já mọ́ nǹkan kan, ohun tó bá wu ẹni tó kọ ọ́ ló lè fi síbẹ̀. Lórí Gmail inú fóònù, ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ náà, àdírẹ́ẹ̀sì gan-an á jáde.

Ẹ wá àmì @. Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ lò ó fún iṣẹ́ yìí lọ́dún 1971, láti ya orúkọ ẹni kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tó ń lò. Títí dòní, ohun tó ṣáájú @ ni orúkọ àpótí lẹ́tà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni orúkọ ilé tí àpótí náà wà.

Ilé yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Yunifásítì Ìbàdàn ló ni ui.edu.ng. Ẹ kà á láti ọwọ́ ọ̀tún: ng ni Nàìjíríà, edu ni ilé ẹ̀kọ́, ui ni Yunifásítì Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ui.edu.ng bá wà ṣáájú @, tó wá jẹ́ gmail.com ló kẹ́yìn, inú Gmail ni àpótí náà wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí irú rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn oníjìbìtì ti ń mú àwọn ọmọ tó ń wá ìgbaniwọlé, ó sì ń dùn mí gan-an, torí owó tí òbí yá ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ.

Bí ẹ̀yin lẹ bá ń wá àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ orúkọ ìkànnì iléeṣẹ́ náà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Contact Us” sí; ìsàlẹ̀ pátápátá ló sábà máa ń wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ site:ui.edu.ng email sínú Google, ìkànnì yẹn nìkan ni yóò wá inú rẹ̀. Ẹ yẹ àwọn lẹ́tà àtijọ́ yín àti rìsíìtì wò pẹ̀lú.

Ti ẹnì kan, ẹ bi í léèrè, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kó má pè é sétí yín. Ẹ má méfò. Bí àpótí tí ẹ méfò ò bá sí, lẹ́tà yín á sábà padà wá. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ tààrà. Lórí gmail.com, alaso.oke àti alasooke kò yàtọ̀, torí Gmail kì í ka dọ́ọ̀tì sí. Níbòmíràn, ẹni méjì ni wọ́n lè jẹ́.

Bí lẹ́tà bá ń béèrè owó, kódà kí orúkọ ilé náà pé pérépéré, ẹ pe iléeṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì wọn. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi àdírẹ́ẹ̀sì oní-àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́.