Ewùrà ẹnì kan
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá gbé n'Íjẹ̀bú-Òde ńbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rin odidi ewùrà torí ìkọ́kọrẹ́ ẹnì kan. Mo ti ṣe é rí o, ó kan, gbogbo ìkòkò ni mo dànù. Ní báyìí, ìwọ̀n tí mo máa jẹ ni mò ń gé, mi ò ní bó ìyókù, màá fi eérú ra ojú ibi tí mo ti gé e kó lè gbẹ. Tí èyí tí mo rin bá ṣẹ́kù, mo ti po ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ mọ́ ọn nìyẹn, ṣíbí ṣíbí sínú epo gbígbóná, òjòjò dé! Ata díndín ńkọ́? Ẹ pín in sí ike kéékèèké kó tó wọ fíríìsà, ike kan fún ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Gààrí ò ní wàhálà, ẹ ṣáà dé e dáadáa.