Prof, tẹ́ ẹ bá kọ ìwé ìtàn, ẹ má fi Ph.D. bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin prof wa, tẹ́ ẹ ti ń kọ́ ọmọ olọ́mọ látọjọ́ yìí, tẹ́ ẹ wá kọ ìwé ìtàn àkọ́kọ́ yín tí ará ọjà náà lè kà, tí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ bọ́ síta kẹ́ ẹ sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi, torí mo ti bà á jẹ́ rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé máíkì fún mi nínú gbọ̀ngàn kan n'Ílọrin, mo bẹ̀rẹ̀ látorí yunifásítì tí mo lọ, mo bọ́ sórí àwọn jọ́nà tí mo ti kọ nǹkan sí, mo ka iye ọmọ tí mo ti fún ní Ph.D., ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, mi ò tíì dárúkọ ìwé. Ni màmá kan ní ìjókòó iwájú bá yíjú sẹ́nì kejì ẹ̀, ó ní, "Agbo ilé wo ni wọ́n tiẹ̀ ti jáde ná?" Ẹ̀rín sọ.

Agbo ilé yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. N'Ílọrin o, l'Ọ́fà o, l'Ómù-Àrán o, ẹni tó bá fẹ́ pìtàn fún wa, a máa ń fẹ́ mọ ibi tó dúró sí kó tó lanu, torí ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn bá wà ló fi ń rí ogun. Orúkọ yín, agbo ilé yín, ìlú ìyá yín tó bá yàtọ̀, kẹ́ ẹ wá ní ẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì, ó parí. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ àlejò ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó mú yín wọlé tọ àwọn àgbà lọ.

Èkejì, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìwé yín ń dáhùn. Ẹ má sọ pé "ìwé mi dá lórí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún", oorun nìyẹn. Ẹ ní, kí ló dé tí wọ́n ń pe ogun 1878 ní Jálumi? Kò sẹ́ni tí ò ní gbórí sókè. Ẹ wá sọ pé ogun Ìbàdàn ló lé àwọn ọmọ ogun Ìlọrin n'Íkìrun, wọ́n ń sá bọ̀ wá sílé, ni wọ́n bá odò Ọ̀tìn lójú ọ̀nà, wọ́n já lu omi, tẹṣin-tẹṣin. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dákẹ́ sí, kí wọ́n lọ ra ìyókù. Tó bá jẹ́ àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ lẹ kọ nípa ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ta ló gbẹ́ wọn, kẹ́ ẹ fi kún un pé musíọ̀mù tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ara àwọn Ìgbómìnà á yá.

Ti Àfọ̀njá àti àáfáà Àlímì, ìyẹn ọ̀rọ̀ bí Ìlọrin ṣe bọ́ sọ́wọ́ Fúlàní, ńkọ́? Ẹ rọra o. Tẹ́ ẹ bá ti dájọ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń kí èèyàn, ìdajì ló máa dìde lọ, ìdajì tó kù á máa bá ara wọn jà. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ìwé.

Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ náà. Ọ̀pọ̀ á rò pé ilé àkójọ ìwé ìjọba (National Archives) n'Íbàdàn ni gbogbo fáìlì ìjọba òyìnbó wà, bẹ́ẹ̀ abẹ́ Òkè Ọya ni wọ́n to Ìlọrin sí nígbà yẹn, Kaduna ni fáìlì wa wà, tẹ́ ẹ bá lọ ẹ sọ ọ́. Tí àáfáà kan bá sì ṣí ìwé Lárúbáwá bàbá ẹ̀ fún yín kà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, àmọ́ kẹ́ ẹ ti bi í ṣáájú bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ dárúkọ òun. Ẹnìkan á sì bi yín pé kí ni tiyín fi yàtọ̀ sí ti Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ The History of the Yorubas, wọ́n máa ń bi í ni. Ẹ fọ̀wọ̀ dáhùn pé àlùfáà yẹn ṣiṣẹ́, ojú Ọ̀yọ́ ló fi wò ó, ẹ̀yin sì wò ó látìhín.

Tó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti fẹ́ sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ìlà mẹ́rin ti tó, iye owó àti ibi tí wọ́n ti máa rí i rà ní ìsàlẹ̀. Fọ́tò tẹ́ ẹ wọ gáùnù ìgboyè, ẹ fi sílẹ̀ sára ògiri pálọ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń sọ tèmi báyìí: "Ẹ kú ìjókòó o. Lágbájá lorúkọ mi, ọmọ agbo ilé báyìí l'Ọ́fà, Ìlọrin ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ilé bàbá mi ń sọ ogun Ọ̀fà bákan, ilé ìyá mi ń sọ ọ́ bákan, látìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mo ti ń gbọ́ méjèèjì. Mo to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé yìí." Ó tán, mo jókòó.

Ẹ mú bírò tó ń kọ dáadáa dání o, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé fún wọn, torí alhájà tẹ́ ẹ bá ṣi orúkọ ẹ̀ kọ máa dá ìwé yẹn padà fún yín.