Oúnjẹ Tí Ẹ Yọ, Ẹ Dá A Padà
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa oúnjẹ àti IBS (irritable bowel syndrome, àìsàn tí ìfun fi ń yọni lẹ́nu léraléra), àti fún àwọn tó ń dáná fún wọn

Obìnrin kan wà nínú ẹ̀kọ́ wa tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin. Oṣù 11 kọjá kó tó tún yọjú. Nígbà tó tan kámẹ́rà, eegun ọrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó gbé bébà kan sókè síwájú fóònù, ó ní gbogbo ohun tí òun ń jẹ ló wà níbẹ̀. Mo kà á: ìrẹsì, ẹyin, adìyẹ, kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́, ọsàn. Mẹ́fà péré. Kílò 9 ti bọ́ lára rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni inú rẹ̀ ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá ẹyọ kan padà nínú ohun tó yọ, ẹ̀rù ń bà á pé inú rírun yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an la ní kó lọ rí dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò látòkèdélẹ̀, kò bá àìsàn mìíràn lára rẹ̀. Ebi ló ń pa á.

Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ la ṣe kọ ìwé yìí. Ẹ ti mọ bí IBS ṣe ń ṣe èèyàn: inú rírun, inú wíwú, ìgbẹ́ gbuuru lónìí, ìgbẹ́ líle lọ́la. A kò ní tún ìyẹn sọ. Àṣìṣe kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín wí, torí òun la ń rí ṣáá: ẹ ń yọ oúnjẹ, ẹ kì í dá a padà.

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun

Dókítà ló ń sọ pé IBS ni, kì í ṣe fídíò. Ìlànà Rome IV, èyí tí àwọn dókítà fi ń mọ IBS, tó jáde ní ọdún 2016, béèrè pé kí inú ti máa run èèyàn lọ́jọ́ kan ó kéré tán lọ́sẹ̀, fún oṣù 3 tó kọjá, kí nǹkan náà sì ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6 sẹ́yìn. Méjì nínú mẹ́ta yìí sì gbọ́dọ̀ bá a rìn: kí ìrora náà ní í ṣe pẹ̀lú ìgbẹ́ yíyà, kí iye ìgbà tí èèyàn ń yàgbẹ́ yí padà, kí bí ìgbẹ́ ṣe ń rí yí padà.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ẹ bá ń rù láìṣe pé ẹ fẹ́ rù, bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń jí yín lóru, bí ibà bá ń ṣe yín tàbí tí ẹ̀jẹ̀ inú ara yín kò tó, bí gbogbo rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pé ẹni 50 ọdún, tàbí tí jẹjẹrẹ ìfun wà nínú ìdílé yín, ẹ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ná, ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àìsàn coeliac (èyí tí àlìkámà fi ń ba ìfun jẹ́) nígbà tí ẹ ṣì ń jẹ àlìkámà. Ẹni tó bá ti pa àlìkámà tì kó tó lọ ṣe é, àyẹ̀wò náà lè sọ pé kò ní in, kó sì ní in.

Ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́: ẹ má tíì dárúkọ FODMAP

FODMAP ni àwọn ṣúgà kan nínú oúnjẹ tó lè yọ inú lẹ́nu; a ó dé orí wọn láìpẹ́. Ní báyìí, ẹ jẹun lásìkò, ẹ má fo oúnjẹ, ẹ jókòó jẹ ẹ́, ẹ rún un dáadáa. Omi àti nǹkan mímu tí kò ní káfíìnì, ife 8 ó kéré tán lóòjọ́. Tíì àti kọfí kò gbọdọ̀ ju ife 3 lọ. Èso tútù kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 3 lọ lóòjọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 80. Ẹ dín ọtí, ọ̀rá àti ata kù. Ẹ yẹ ara páálí ṣingọ́ọ̀mù àti súìtì tí kò ní ṣúgà wò. Bí ẹ bá rí sorbitol, mannitol tàbí xylitol níbẹ̀ (ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà), ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú psyllium (èèpo irúgbìn kan tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀) gíráàmù 3 sí 4 lóòjọ́, pẹ̀lú omi ife kan gbáko, kó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Èèpo àlìkámà tí wọ́n lọ̀ kọ́ la ní kẹ́ ẹ mu o. Ìyẹn máa ń mú kí inú túbọ̀ wú.

Ọ̀pọ̀ yín máa ń fo ibí yìí torí ó jọ nǹkan kékeré lójú yín. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Sweden fi irú ìmọ̀ràn yìí wé oúnjẹ tí FODMAP inú rẹ̀ kéré lára àwọn aláìsàn IBS 75. Nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, nǹkan bí ìdajì ni ara tù. Nítorí náà ẹ ṣe ọ̀sẹ̀ 4 yìí pé. Bí inú bá rọlẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi yọ àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀.

Ìpele kìíní ní ọjọ́ tí yóò parí

Bí kò bá rọlẹ̀, ó kan FODMAP. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Monash, ní Melbourne, Ọsirélíà, ló gbé e jáde. Ọdún 2005 ni orúkọ náà kọ́kọ́ hàn nínú ìwé ìwádìí. Àwọn ṣúgà kan ni FODMAP, tí ìfun kì í fà mu tán: wọ́n ń fa omi sínú ìfun, kòkòrò inú ìfun sì ń sọ wọ́n di gáàsì. Ìyẹn tó.

Ìpele kìíní, tí ẹ ó ti dín gbogbo wọn kù, ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 ni. Ẹ wo kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ ọjọ́ tó pé ọ̀sẹ̀ 6. Bí inú bá ti rọlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ kọjá sí ìpele kejì ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, FODMAP kọ́ ló ń dà yín láàmú. Ẹ dá gbogbo oúnjẹ padà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi oṣù kan sí i. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ ń fi ebi pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe ìfun lóore, pàápàá bifidobacteria, èròjà kálísíọ̀mù tó ń wọ ara rẹ̀ sì lè dín kù pẹ̀lú.

Áàpù Monash, tó ń fi àwọ̀ sọ bí FODMAP inú oúnjẹ ṣe pọ̀ tó, tún ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Wọ́n á rí pupa, wọ́n á ní májèlé ni. Ìwọ̀n ni àwọ̀ yẹn ń sọ. Oúnjẹ kan náà lè jẹ́ àwọ̀ ewé ní ṣíbí méjì, kó di pupa ní ife kan. Ẹ wo ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó wo àwọ̀.

Ọmọdé, aboyún, ẹni tó ti rù tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti dà láàmú rí, débi pé ó ń fi ebi pa ara rẹ̀, kò gbọdọ̀ dá ìpele yìí ṣe. Kí onímọ̀ oúnjẹ máa tọ́ wọn sọ́nà lójúkojú.

Dídá oúnjẹ padà

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ìdánwò 8 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọjọ́ 6: ẹ jẹ ẹ́ fún ọjọ́ 3, ìwọ̀n rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ wá sinmi fún ọjọ́ 3. Ọjọ́ 48 ni àpapọ̀ rẹ̀, kò tó oṣù méjì. Títí ẹ ó fi parí, oúnjẹ yín yòókù kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti ìpele kìíní, àní oúnjẹ tó yege pàápàá, ẹ gbé e tì ná.

Wàrà màlúù, fún lactose (ṣúgà inú wàrà): mílílítà 60 lọ́jọ́ kìíní, 125 lọ́jọ́ kejì, 250 lọ́jọ́ kẹta. Oyin, fún fructose (ṣúgà inú èso àti oyin): ṣíbí kékeré 1, 2, 3. Ẹ̀wà sísè: ṣíbí ńlá 1, 2, 4. Búrẹ́dì àlìkámà: ègé 1, ègé kan àti ààbọ̀, ègé 2. Àlùbọ́sà tí ẹ gé wẹ́wẹ́ tí ẹ sè: ààbọ̀ ṣíbí ńlá, 1, 2. Áyù: ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ áyù kan, ìdajì, odindi. Àlìkámà, àlùbọ́sà àti áyù, fructan, ọ̀kan lára àwọn FODMAP, ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ẹ dán wọn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ti rí ẹni tí áyù ń dà láàmú tó sì ń jẹ búrẹ́dì láìsí wàhálà. Mannitol àti sorbitol ló kù. Olú tútù dára fún mannitol. Fún sorbitol, kí olùkọ́ yín bá yín yan èso kan.

Ẹ má dán oúnjẹ méjì wò pọ̀. Ẹ má dán ohunkóhun wò ní ọ̀sẹ̀ nǹkan oṣù, torí ọ̀pọ̀ obìnrin ni inú ń yọ lẹ́nu lásìkò náà, ẹ kò sì ní mọ èyí tó fà á. Ẹ má dán an wò ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ilé ìwé tàbí ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò.

Bí inú bá run yín gan-an lọ́jọ́ kejì, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má jẹ ti ọjọ́ kẹta. Ẹ kọ ìwọ̀n tó fà á sílẹ̀, ẹ sinmi títí inú yóò fi rọlẹ̀, ẹ wá bọ́ sórí oúnjẹ tó kàn. Kò ba ìfun jẹ́. Ìwọ̀n tí ara yín gbà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, òun gan-an lẹ sì ń wá.

Bí ìwé àkọsílẹ̀ ṣe yẹ kó rí nìyí, látinú ìwé obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tó padà sí ẹ̀kọ́:

Ọjọ́ Ajé. Wàrà 60, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀. Ìrora 0. Ìgbẹ́ 4.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wàrà 125. Inú wú díẹ̀ lálẹ́. Ìrora 2. Ìgbẹ́ 4.
Ọjọ́rú. Wàrà 250. Inú kùn, ó wú, ó run. Ìrora 6. Ìgbẹ́ 6, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìrora, láti 0 dé 10 ni. Nọ́ńbà ìgbẹ́, látorí àwòrán Bristol ni: 1 ni èyí tó le bí òkúta wẹ́wẹ́, 7 ni omi lásán, 3 àti 4 ló dára. Ẹ wo ohun tí ọjọ́ 3 yẹn fún un: kì í ṣe ọ̀tá wàrà, mílílítà 125 bá a lára mu. Oṣù 11 ló fi sá fún un.

Fún ẹni tó ń dáná

Ẹ má dá ìkòkò aláìsàn yà sọ́tọ̀ títí ayé. Ní ìpele kìíní nìkan, ẹ mọ̀ pé yíyọ àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀ tó ti jinná kò ràn án lọ́wọ́. Fructan ti yòrò sínú omi. Kì í yòrò nínú òróró. Nítorí náà, ẹ din áyù nínú òróró, ẹ yọ gbogbo áyù náà dànù, ẹ wá fi òróró náà dáná: adùn wà níbẹ̀. Iye tí ẹ ó lò lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ má gbé e kalẹ̀ síta, torí botulism, àìsàn tó lè pani látinú májèlé kòkòrò inú oúnjẹ. Ẹ̀wà inú agolo, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi mìíràn ṣàn án.

Ta ni olùkọ́ yín?

Kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi olùkọ́ bóyá onímọ̀ oúnjẹ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni ìpele kìíní yóò parí, àti iye ìgbà tí yóò bá yín jókòó ní ìpele kejì. Bí kò bá lè dárúkọ ọjọ́ kan, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ó bá ń ta àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ IgG (èròjà tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀) tó ní yóò sọ oúnjẹ tí ara yín kọ̀, ẹ tètè kúrò. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà ní IgG fún oúnjẹ tó ń jẹ. Mo ti rí ẹni tó fi irú èsì bẹ́ẹ̀ yọ oúnjẹ 30, tó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Ó dùn mí gan-an.

Lẹ́yìn ọjọ́ 48, gbogbo ohun tó yege, ẹ dá a padà sórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Èyí tó yege ní ìwọ̀n kékeré, ẹ máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kékeré. Èyí tó kùnà, ẹ tún dán an wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, torí ohun tí ìfun gbà máa ń yí padà. Ẹ kọ ọjọ́ ìdánwò náà sórí kàlẹ́ńdà nísinsìnyí, kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé.