Òjò Àkọ́rọ̀ Kì Í Ṣòjò Àgbàdo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko ní Gwagwalada, Kwali àti Abaji, l'Abuja, tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní oṣù kẹrin, ẹ má tíì gbé irúgbìn jáde. Ayé ti móoru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òjò á rọ̀ bíi pé kò ní dá, kó tó dọ̀la ó ti wábi gbà, ẹ ó sì máa wojú ọ̀run fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á gbẹ, owó irúgbìn ti wọgbó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì òjò, mo máa ń fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ní ibi mẹ́ta mẹ́rin, títí ọwọ́ mi á fi wọlé kọjá ọrùn ọwọ́. Yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ ni mo ń bù, kì í ṣe ti òkè. Mo á fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Tó bá dì mọ́ra, omi ti wọlé. Tó bá tú bíi gààrí, mo gba ilé lọ. Àwọn Gbagyi tá a jọ pààlà máa ń rẹ́rìn-ín pé Màmá tún ti ń fún yẹ̀pẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í dì dáadáa, nírú ibẹ̀, ẹ dúró de òjò kejì tàbí ìkẹta.

NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á o, àmọ́ ti gbogbo agbègbè ni, ẹ ṣì gbẹ́ ilẹ̀ tiyín wò.

Tí òjò bá pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, èyí tó tètè ń gbó ni kẹ́ ẹ wá. Irúgbìn àgbàdo SAMMAZ tí wọ́n ń ṣe ní Samaru, Zaria, pọ̀ lóríṣiríṣi. Ẹ béèrè èyí tó ń gbó láàárín 90 ọjọ́. Àgbàdo tí wọ́n ń fi mudu wọ̀n lọ́jà, jíjẹ ni.

Ẹ kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ bu yẹ̀pẹ̀ dí poro ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Òjò alágbára á dúró síbẹ̀, á rọra wọlẹ̀, kò ní gbá ajílẹ̀ yín lọ sódò. Ilẹ̀ tó máa ń domi nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí poro rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sun koríko tẹ́ ẹ ro, ẹ tẹ́ ẹ sídìí àgbàdo.

Bí ọ̀dá bá mú láàárín òjò, ẹ máa yẹ inú ọ̀mùnú àgbàdo, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, wò láàárọ̀ kùtù. Kòkòrò ajẹ-àgbàdo tó wọ Nàìjíríà ní 2016, tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, fẹ́ràn àsìkò gbígbẹ, bí oòrùn bá sì ti mú, inú lọ́hùn-ún ló ń sá sí.