Ẹ má torí tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ra ṣíà ní Tokyo

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń ra ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní sinimá àti gbọ̀ngàn eré ní Tokyo tí mò ń gbé. Bí àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà yìí ṣe ń fi owó òógùn wọn ṣòfò ń dùn mí gan-an.

Àkọ́kọ́, ẹ̀ ń wo pátákó, ẹ ò wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ mú Tokyo Rakutenchi tí Ichizo Kobayashi dá sílẹ̀ ní àdúgbò Kinshicho lọ́dún 1937, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíà rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́ báyìí. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, sinimá àti ilé ìwẹ̀ lẹ máa rí, ẹ ó sì ní iṣẹ́ eré ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni baba onílé ni wọ́n: láti 2019 ni ilé-ìtajà ńlá Parco ti ń ta ọjà nínú ilé wọn. Sinimá lè kún lóṣù yìí kó gbẹ lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé ò ní bi yín bóyá fíìmù tà kó tó san owó ilé.

Ẹ̀kejì, ẹ kì í ka ìwé ọdọọdún wọn. Iye tí wọ́n ra ilẹ̀ láyé àtijọ́ ló ṣì máa ń wà nínú ìṣirò. Ẹ ṣí i dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àwọn ilé tí wọ́n fi ń gbowó. Ẹ ó rí iye ti inú ìwé, ẹ ó sì rí iye tí wọ́n tó lónìí. Nígbà tí wọ́n ra ilé-iṣẹ́ tó ni pápá eré Tokyo Dome ní 1,300 yen lórí ṣíà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, Mitsui Fudosan ló rà á. Ilé àti ilẹ̀ ni òwò tiwọn.

Ṣíà 100 ni wọ́n ń tà pọ̀, ẹ ka owó yín dáadáa kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà.

Ọ̀rọ̀ yutai ló wá ká mi lára jù. Ẹ̀bùn ni, tíkẹ́ẹ̀tì tàbí káàdì ẹ̀dínwó tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ṣíà. Ní ọdún kejì mi, ó ku ọ̀la kí wọ́n pa ìwé orúkọ àwọn tó ní ṣíà dé, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí ẹ̀bùn tọ́ sí, ni mo sáré ra 100. Mo ń ṣí àpótí lẹ́tà láràárọ̀ títí oṣù Kẹfà fi parí. Ìgbà tí mo pe alágbàtà ni ọmọbìnrin kan fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni orúkọ fi ń rìn kó tó wọ ìwé. Bí wọ́n bá máa pa ìwé dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó pẹ́ jù, Ọjọ́rú lẹ gbọ́dọ̀ ti rà á. Tó bá sì di Ọjọ́bọ̀, owó ṣíà náà sábà máa ń já wálẹ̀, torí ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ náà ò ní rí ẹ̀bùn mọ́. Bó bá fi 60 yen já, 6,000 yen ti lọ lórí 100, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 4,000! Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ níbẹ̀?

Owó orí 20.315% tún wà lórí èrè. Ẹni tó bá lè ṣí àkáǹtì NISA, èyí tí wọn kì í gba owó orí lórí èrè inú rẹ̀, kó lọ ṣí i.

Gbogbo wọn kọ́ ló sì ń pa ìwé dé lóṣù Kẹta o. Ìparí oṣù Kejì àti oṣù Kẹjọ ni ti Toho, ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá nì. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.