Iná iwájú ọ̀kadà tó ń ṣe bàìbàì: wáyà ló fà á, kì í ṣe gílóòbù

Gílóòbù H4 (irú tó ní iná gíga àti iná ìsàlẹ̀ pọ̀) 60/55W ni, 60W fún iná gíga, 55W fún iná ìsàlẹ̀, kò sì tàn dáadáa. Míta ka 13.8V lórí bátìrì, 12.4V péré lẹ́sẹ̀ gílóòbù. Wáyà tín-ín-rín àti súìṣì ọwọ́ ló jẹ ìyókù. Bí fólítì bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá!

Rílé méjì (súìṣì tí iná kékeré ń tàn láti darí iná ńlá) ló yanjú rẹ̀, ọ̀kan fún iná gíga, ọ̀kan fún iná ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rílé kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ 30 lọ sí bátìrì, fíùsì 10A sún mọ́ ọn. 87 lọ sí gílóòbù. 86 gba wáyà súìṣì àtijọ́. 85 lọ sí négátíìfù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra 100/90W. Ooru rẹ̀ ń yọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, òfin Yúróòpù kò sì gbà á lójú títì. 60/55W tó ní àmì E (àmì ìfọwọ́sí òfin Yúróòpù) ni kẹ́ ẹ lò.