Bí rúótà ṣe lè tètè mọ̀ pé ọ̀nà ti já

Ká ní ọ́fíìsì kan wà ní Tanke, ní Ìlọrin, tó ní ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì: fáíbà tó gba Challenge, àti rédíò orí òpó. Katapílà tó ń la gọ́tà já fáíbà. Iná ojú rúótà ò kú, torí súwíìṣì (ẹ̀rọ tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) inú yàrá kan náà ló so mọ́, kò sì sóhun tó ṣe súwíìṣì. OSPF, ìyẹn ètò tí àwọn rúótà fi ń sọ ọ̀nà fúnra wọn, á wá máa retí rúótà òdìkejì fún sẹ́kọ́ǹdì 40 gbáko kó tó yíjú sí rédíò. Ẹni tó wà lórí ìpè á ti gé fóònù.

BFD, ètò kan tó ń ṣọ́ bóyá ọ̀nà ṣì wà, ló ń gé ìdúró yìí kúrú. Rúótà méjèèjì á máa ránṣẹ́ kékeré síra wọn. Bí mẹ́ta bá tẹ̀ léra tí kò dé, OSPF á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. FRR, sọ́fítíwia tó ń sọ kọ̀ǹpútà Linux di rúótà, la máa fi ṣe é.

Ẹ ṣí /etc/frr/daemons, ẹ sọ bfdd=no di bfdd=yes, kẹ́ ẹ tẹ:

systemctl restart frr

Òru ni kẹ́ ẹ ṣèyí, torí ọ̀nà lè já fúngbà díẹ̀. Ẹ wá wọ vtysh, ibi tá a ti ń pàṣẹ fún FRR (eth1 ni ojú tí fáíbà so mọ́):

configure terminal
interface eth1
ip ospf bfd
end
write memory

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì. Ibí ló ti máa ń dà rú: tó bá jẹ́ apá kan lẹ ṣe, OSPF á ṣì wà ní Full (ìyẹn ni pé ó ń bá òdìkejì sọ̀rọ̀ dáadáa), gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó dáa, bẹ́ẹ̀ BFD ò tíì jí rárá. Ẹ fi show bfd peers wò ó. Status: up lẹ gbọ́dọ̀ rí. Tó bá ń sọ down, ẹ yẹ fáyawọ́ọ̀lù (ẹ̀ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wò: UDP 3784, ojú ọ̀nà tí BFD ń gbà, gbọ́dọ̀ lè wọlé níhà méjèèjì.

Bí FRR ṣe wà, mìlísẹ́kọ́ǹdì 300 lọ́nà mẹ́ta ló ń kà: 900, kò tó sẹ́kọ́ǹdì kan. Ó tó fáíbà. Rédíò ńkọ́? Bí òjò bá rọ̀ gan-an, ó máa ń gbé páákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà) mì láìjẹ́ pé ó já. Ẹ fún un ní márùn-ún dípò mẹ́ta. Ẹ tún tẹ configure terminal, kẹ́ ẹ wá kọ:

bfd
profile redio
detect-multiplier 5

Lórí eth2, tí rédíò so mọ́, ẹ kọ ip ospf bfd profile redio, kẹ́ ẹ tẹ end àti write memory bíi ti àkọ́kọ́. Níhà méjèèjì ni o, torí iye tí òdìkejì bá kọ ni rúótà tiyín fi ń kà. Ẹ má ṣojúkòkòrò mìlísẹ́kọ́ǹdì 50. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rúótà kékeré, á pe alààyè ní òkú, ọ̀nà á sì máa já, á máa so.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má yọ wáyà ara rúótà: iná á kú, rúótà á mọ̀ fúnra rẹ̀, BFD ò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ping (àṣẹ tó ń ránṣẹ́ lọ wò bóyá òdìkejì ń dáhùn) máa lọ, kẹ́ ẹ yọ fáíbà lẹ́yìn súwíìṣì. Bí ẹyọ kan tàbí méjì péré bá sọnù, ó ti ṣiṣẹ́.